Bénin 2060: bí ẹ ṣe lè fi ọ̀rọ̀ abúlé yín sínú ètò ìjọba

Ìbéèrè kan náà ni mò ń gbà ṣáá lórí Bénin 2060, ìwé tí ìjọba fi ń sọ irú ìlú tá a fẹ́ dà. Ẹnì kan á ní "ẹ̀gbọ́n, Bénin 2060 tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ yìí, níbo la ti máa sọ tiwa?", ẹlòmíì á ní wọ́n ti ṣe ìpàdé lọ́dọ̀ àwọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Ará Kétu ń béèrè, ará Ṣábẹ ń béèrè, kódà àwọn ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí Assemblée, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wà láàárín ìlú wọn, àwọn náà ń béèrè. Ó ti sú mi láti máa fi fóìsì ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bá kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí, ẹ kà á, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣe kókó ná: ìwé ni wọ́n fi ń ṣe ètò ìjọba. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ní ìpàdé tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀, ẹ yáa kà á sí pé ẹ ò sọ ọ́. Gbogbo àlàyé ìsàlẹ̀ yìí, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ máa gbà kúrò lẹ́nu yín bọ́ sínú ìwé ni, tí ìwé náà ò sì ní sùn sínú dúrọ́ọ̀ ẹnì kan.

## Ìwé wo gan-an ni?

Ìwé yìí pọ̀, wọ́n ń gun ara wọn lórí, ibẹ̀ lorí ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́.

- Vision orílẹ̀-èdè: Bénin 2025 Alafia ti lo ọdún ẹ̀ tán, Bénin 2060 Alafia ló gba ipò ẹ̀. Ní 2060 ló máa pé ọgọ́rùn-ún ọdún tá a gba òmìnira. Ìwé yìí ń sọ irú ìlú tá a fẹ́ dà ni, ẹ ò lè rí orúkọ abúlé yín níbẹ̀, ẹ má fi ìyẹn da ara yín láàmú.
- Ètò ọlọ́dún díẹ̀díẹ̀: irú bíi PND 2018-2025 (ètò ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè) àti PAG 2021-2026 (ètò iṣẹ́ ìjọba). Iṣẹ́ ńláńlá ló wà níbẹ̀, títì, iná, ilé ìwé gíga.
- PDC: ètò ìdàgbàsókè commune (ìjọba ìbílẹ̀) yín, ọdún márùn-ún márùn-ún ló ń lò. Commune 77 ló wà ní Bẹ̀nẹ̀, ìwé yìí ló sì yẹ kí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí PDC bá ti orílẹ̀-èdè mu. Ibí ni wọ́n ti lè kọ orúkọ abúlé yín síwájú iṣẹ́ kan pàtó.
- Ètò ọdọọdún pẹ̀lú bọ́jẹ́ẹ̀tì commune: èyí tí wọ́n ń yọ látinú PDC. Ibí lowó wà.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ wọ mọ́tò lọ Cotonou, kẹ́ ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ministère (iléeṣẹ́ mínísítà) tààrà. Èmi ò bá wọn jiyàn, àmọ́ tí abúlé yín ò bá sí nínú PDC, ẹni tẹ́ ẹ lọ bá ní Cotonou á kàn ní kẹ́ ẹ padà lọ bá Maire yín, olórí commune, ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

## Ta ló ni iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ béèrè?

Ìdí tí ọ̀pọ̀ lẹ́tà fi ń kú nìyí, torí ilẹ̀kùn tí kì í ṣe ti ẹni ni wọ́n lọ ń kàn.

Mairie (ọ́fíìsì commune) ló ni: kíláàsì ilé ìwé maternelle àti primaire, ilé ìwòsàn kékeré arrondissement (ẹ̀ka commune), ọ̀nà oko àti ọ̀nà abúlé, ìsọ̀ ọjà kéékèèké, gọ́tà àdúgbò.

Ìjọba àpapọ̀ àti àwọn iléeṣẹ́ ẹ̀ ló ni: títì ńlá (ẹ̀yin ará Ṣábẹ, RNIE 2 tó gba ọ̀dọ̀ yín kọjá lọ Parakou, Maire ò lè fọwọ́ kàn án), iná SBEE, omi SONEB nínú ìlú, omi ìgbèríko tó wà lọ́wọ́ ANAEPMR. Ìdọ̀tí Àjàṣẹ́ náà, SGDS ló ń kó o, ẹ má bú Maire nítorí ẹ̀.

Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má fi ọ̀rọ̀ iná tàbí títì sínú PDC o. Ẹ fi sí i, àmọ́ ẹ kọ ọ́ pé kí mairie bá yín gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. "Plaidoyer" ni wọ́n máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ irú ẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ

1. Ẹ béèrè ọdún tí PDC yín máa parí. Ẹ lọ sí mairie, ẹ béèrè ọ́fíìsì tó ń rí sí planification (ìṣètò), ìbéèrè méjì péré ni: PDC tí wọ́n ń lò báyìí, ọdún wo ló bẹ̀rẹ̀, ọdún wo ló ń parí? Tó bá ku bí ọdún kan kó parí, ẹ ti débẹ̀ lásìkò tó dáa jù, torí wọ́n máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ jọ fún tuntun. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò fún un tán, ẹ fò lọ sí ìgbésẹ̀ 8, ètò ọdọọdún lẹ máa lé.

2. Ẹ gba ìwé náà, kẹ́ ẹ wá orúkọ abúlé yín nínú ẹ̀. Òfin fún ará ìlú láyè láti rí ìwé commune, bọ́jẹ́ẹ̀tì àti PV (àkọsílẹ̀ ìpàdé) ìgbìmọ̀, owó fọ́tòkópì ni yóò tọwọ́ yín wá. Èyí tó rọrùn jù ni kí wọ́n fi PDF ẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Faransé ni wọ́n kọ ọ́, ó sì gùn, ẹ má ka gbogbo ẹ̀, ẹ lọ sí àwọn tábìlì tó wà lápá ẹ̀yìn tó ní iṣẹ́, ibi tí wọ́n máa ṣe é, ọdún àti owó. Tẹ́ ẹ bá ń wá orúkọ nínú PDF, bí Faransé ṣe ń kọ ọ́ ni kẹ́ ẹ kọ: ẹni tó bá tẹ Ìlárá ò ní rí nǹkan kan, Illara ni kó tẹ̀. Kétou ni, kì í ṣe Kétu, Savè ni, kì í ṣe Ṣábẹ. Mo mọ ẹni tó bínú ní gbọ̀ngàn pé wọn ò kọ abúlé àwọn sí i, ó wà níbẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta.

3. Ẹ pe ìpàdé abúlé tàbí ti àdúgbò. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí chef de village, olórí abúlé (àwọn àgbà ṣì ń pè é ní délégué), kí ó jẹ́ pé òun ló pè é, tẹ́ ẹ bá gba ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe é ọ̀rọ̀ náà á di ọ̀rọ̀ ìjà. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ìpàdé sí ọjọ́ ọjà, torí àwọn obìnrin tó ń pọn omi tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn ò ní sí níbẹ̀, ẹ̀yin ọkùnrin á wá jókòó máa sọ pé pápá bọ́ọ̀lù ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ tún pe àwọn àjèjì tó ń bá yín gbé. Ní ìhà Kétu àti Ṣábẹ, ọ̀rọ̀ màlúù ń dá wàhálà sílẹ̀ lọ́dọọdún, tẹ́ ẹ bá fa ọ̀nà màlúù sórí ìwé láìsí Fúlàní kankan ní ìpàdé, ẹ ti kọ wàhálà tó ń bọ̀ sílẹ̀ fúnra yín. Ọ̀rọ̀ náà dájú.

4. Ẹ mú ohun mẹ́ta péré. Ìpàdé á mú ogún nǹkan wá, ìyẹn ò burú, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ mẹ́ta lẹ máa gbé jáde. Ọ̀nà tó ṣiṣẹ́ rèé: ẹ gbé igbá kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ fún ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ fún èèyàn kọ̀ọ̀kan ní hóró àgbàdo mẹ́ta, kó jù ú síbi tó wù ú. Kí àwọn obìnrin kọ́kọ́ jù tiwọn, ẹ kà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ wá da hóró inú igbá kúrò kí àwọn ọkùnrin tó jù tiwọn. Ẹ máa rí i pé iye méjèèjì kì í bára mu, kẹ́ ẹ sì gbé méjèèjì sínú PV, àwọn tó ń kọ PDC fẹ́ràn irú ẹ̀ gan-an.

5. Ẹ kó ẹ̀rí jọ. Ẹni tó bá kọ "a fẹ́ omi" ò tíì sọ nǹkan kan, gbogbo abúlé ló fẹ́ omi. Ẹ ka ilé. Ẹ ka ọmọ tó wà ní kíláàsì kan. Ẹ ya fọ́tò pọ́ǹpù tó bàjẹ́ ní ọ̀sán, kí ọjọ́ hàn lórí ẹ̀. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé iye èèyàn ti ìkànìyàn 2013 ṣì ni ọ̀pọ̀ ìwé ń lò: Kétou 157,352, Savè 87,177, Porto-Novo 264,320. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti dàgbà tó ẹni tó wà ní collège. Àdúgbò tó ti kún látìgbà yẹn, orí ìwé ó ṣì jẹ́ igbó, ẹ̀yin lẹ máa mú iye tuntun wá.

   Ilẹ̀ ńkọ́? Èyí ló ń pa iṣẹ́ jù. Owó á wà, ilé ìwé á fẹ́ dìde, ọmọ onílẹ̀ kan á ti Èkó dé pé bàbá òun ò fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, commune á sì gbé owó lọ síbòmíì. Kẹ́ ẹ tó béèrè ohun tó máa gba ilẹ̀, kí ẹbí tó ni ilẹ̀ fọwọ́ sí ìwé níwájú chef, gbogbo ẹbí o, kì í ṣe ẹnì kan, kí ẹ sì fi kún fáìlì.

6. Ẹ kọ lẹ́tà, kẹ́ ẹ gba décharge, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n lu sítáǹpù mọ́ pé àwọn ti gba lẹ́tà. Maire lẹ máa kọ ọ́ sí. Secrétaire exécutif ló ń darí iṣẹ́ mairie lójoojúmọ́ tí owó sì ń gba ọwọ́ ẹ̀ jáde láti ìgbà òfin 2021, nítorí náà ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sóun náà, kẹ́ ẹ fi ọ̀kan fún chef d'arrondissement. Ẹ kọ ọ́ ní Faransé, ọmọ ilé ìwé kan nínú abúlé lè bá yín ṣe é. Ohun tó máa wà nínú ẹ̀ ò ju báyìí lọ:

   "Abúlé wa pé jọ ní ọjọ́ báyìí, PV àti orúkọ àwọn tó wá wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Omi la fi ṣáájú. Ilé báyìí ló ń pọn omi níbi pọ́ǹpù kan, ó sì ti bàjẹ́ láti oṣù báyìí. Ilẹ̀ wà, ẹbí tó ni ín ti fọwọ́ sí i. À ń bẹ̀ yín kí ẹ fi iṣẹ́ yìí sínú PDC tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi ìwé dá wa lóhùn nípa ọdún tẹ́ ẹ fi í sí."

   Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní méjì. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé, á gba ọ̀kan, á lu sítáǹpù mọ́ èkejì, á kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà sí i. Ẹ wo nọ́ńbà yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá òun náà ni wọ́n kọ sínú ìwé ńlá tí wọ́n fi ń gba lẹ́tà wọlé. Tí akọ̀wé bá ní "ẹ fi sílẹ̀, màá fún ọ̀gá", ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ dúró. Lẹ́tà tí ò ní nọ́ńbà ò wọ mairie rárá.

7. Ẹ lọ sí àwọn ìpàdé tí commune bá pè fún PDC. Wọ́n máa ń pè é ní atelier: ti diagnostic (wíwo ìṣòro tó wà nílẹ̀) àti ti validation (fífọwọ́ sí ìwé tí wọ́n kọ). Èyí tó ń jẹ́ validation, àwọn èèyàn máa ń kà á sí ọjọ́ oúnjẹ àti fọ́tò, ẹ̀yin ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú fáìlì, ẹ ní kí wọ́n ṣí ojú ìwé tí tábìlì wà, ẹ wá orúkọ yín. Tí kò bá sí, ẹ sọ ọ́ nígbà yẹn, kẹ́ ẹ rí i pé ẹni tó ń kọ PV kọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá tí Faransé ò bá yọ̀ lẹ́nu yín, kò sí òfin tó ní kẹ́ ẹ dákẹ́, ẹ kàn béèrè ẹni tó máa túmọ̀.
   Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ commune máa dìbò fún un, ẹnu ọ̀nà wà ní ṣíṣí fún ará ìlú, àmọ́ ẹ ò ní sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó máa lọ sọ́dọ̀ préfet, aṣojú ìjọba àpapọ̀ ní agbègbè yín: Pobè ni ti Kétu, Dassa-Zoumè ni ti Ṣábẹ, Àjàṣẹ́ ń bẹ nílé tiẹ̀.

8. Lọ́dọọdún, ẹ béèrè ètò ọdún náà. Èyí lọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Orúkọ yín wà nínú PDC, ẹ ṣe ìjó, ó parí? Rárá o. Ọdún márùn-ún lè kọjá lórí ìwé. Nígbà tí ọdún bá fẹ́ parí, tí wọ́n ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì tuntun, ẹ padà lọ pẹ̀lú décharge yín, ẹ ní "ojú ìwé báyìí, ìlà báyìí, ṣé ó wà nínú ti ọdún tó ń bọ̀?"

9. Tí ọ̀rọ̀ yín bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ẹ mú ìwé kan náà lọ bá député (aṣòfin) yín. Ìjókòó bọ́jẹ́ẹ̀tì ní Assemblée máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù October, nítorí náà ẹ lọ bá a ní July tàbí August nígbà tó ṣì wà nílé, ẹni tó bá lọ ní December, ó lọ kí i kú ọdún ni. Ẹ sì máa ka ohun tí Conseil des ministres (ìpàdé àwọn mínísítà) bá pinnu ní Wednesday, ó wà lórí sgg.gouv.bj, òfin náà wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́.

## Àṣìṣe tí mò ń rí ṣáá

Kí wọ́n wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ òṣèlú lọ. Tẹ́ ẹ bá wọ àwọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú kan lọ sí atelier, ìdajì gbọ̀ngàn á ti kọ etí dídi sí yín kẹ́ ẹ tó la ẹnu.

Kí ọmọ ìlú tó wà ní Cotonou tàbí Èkó kọ lẹ́tà fúnra ẹ̀ láìsí ìpàdé. Ẹ fowó àti fóònù ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ bá wọn túmọ̀, ẹ tẹ ìwé, àmọ́ kí orúkọ àwọn tó ń gbébẹ̀ ló wà lókè.

Kí wọ́n sanwó. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ mú owó wá kí òun lè "kọ yín mọ́ 2060", olè ni. Kò sí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà.

Kí wọ́n gbé ẹ̀sùn lọ sórí Facebook. Èyí ló léwu jù. Code du numérique ti 2018 (òfin orí íńtánẹ́ẹ̀tì) ò mọ̀ pé inú ló ń bí yín, tẹ́ ẹ bá kọ pé lágbájá jí owó tẹ́ ẹ ò sì ní ìwé lọ́wọ́, ẹ lè sun àtìmọ́lé. Ìbéèrè ni kẹ́ ẹ kọ. "PDC ní iṣẹ́ yìí wà fún ọdún yìí, ibo ló dé?" Ìyẹn ò jẹ́ ẹ̀sùn, ó sì máa ń dun àwọn tó yẹ kó dùn.

## Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì

- PV ìpàdé, pẹ̀lú orúkọ, ọwọ́ tàbí ìtẹ̀ka
- iye tẹ́ ẹ kà (ilé, ọmọ, ìjìnnà)
- fọ́tò
- ìwé ilẹ̀ tó bá kàn án
- lẹ́tà tó ní sítáǹpù àti nọ́ńbà
- fọ́tò gbogbo wọn lórí fóònù èèyàn méjì, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin

## Tí mairie ò bá dáhùn

Ẹ dúró fún oṣù kan, kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà ìrántí, kẹ́ ẹ so fọ́tòkópì ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ tún gba décharge. Tí ìyẹn náà bá kú, ọ̀nà mìíràn wà.

Ní ọ̀pọ̀ commune ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní CPC, cellule de participation citoyenne, ará ìlú ni wọ́n, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa bi mairie léèrè. Ẹ wá wọn, wọ́n mọ ẹni tó jókòó sórí ìwé yín. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ reddition de comptes, tí Maire máa ń wá jábọ̀ níwájú gbogbo ayé: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún yín ní máíkì. Ìbéèrè kan, ojú ìwé kan, nọ́ńbà lẹ́tà kan, ẹ jókòó. Ẹni tó bá fi máíkì sọ ìtàn gígùn, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, kò ní rí èsì.

Rédíò àdúgbò tó ń sọ Nàgó náà dáa, ẹ pe wọ́n wá wo pọ́ǹpù náà. Tó bá tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ̀wé sí préfet torí òun ló ń mójú tó commune, ẹ fi gbogbo décharge sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Médiateur de la République, tó wà fún ará ìlú tí ọ́fíìsì ìjọba ò dá lóhùn. Òun náà á béèrè ẹ̀rí pé ẹ ti kọ̀wé sí mairie ṣáájú, ẹ mú décharge yín dání.